Ẹ̀yin tíṣà JSS, báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti yẹ ìpolówó, ìròyìn àti èsì ìbò wò?

Tíṣà_Òkè_Ìmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Civic àti Social Studies ni mò ń kọ́ ní JSS2, ilé ìwé ìjọba, àwọn ọmọ inú kíláàsì kan ṣoṣo lé ní ọgọ́ta. Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Tí mo bá bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni kánsẹ́lọ̀ ń ṣe, àjà ni wọ́n máa ń wò, ṣùgbọ́n kí n kàn fẹnu ba ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù báyìí, gbogbo kíláàsì ló máa bá mi parí ẹ̀ tòun ti orin. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, ariwo ta, mo ní ta ló sọ ọ́, ọmọ kan ní "ó wà lórí fóònù mọ́mì mi mà", ó parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún bèèrè nǹkan kan mọ́.

Ìbò sì ń bọ̀, pósítà ti gba gbogbo ògiri, títí kan ògiri ilé ìwé wa. Mo fẹ́ fi ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tó kù nínú táàmù kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń wo nǹkan wọ̀nyí kó tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n prínsípà ò fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ kankan, iná ò sí, prójẹ́kítọ̀ ká má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́, táàmù tó kọjá bàbá kan wá ká mi mọ́ sítáfùrúùmù pé mò ń bú ẹgbẹ́ òun níwájú ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ mo kàn ní kí wọ́n ya àmì ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ni o. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n lo ìbò gidi àbí ká dá tiwa sílẹ̀ nínú kíláàsì?

Baba_Táyọ̀:
Àǹtí, ẹ fi ìbò sílẹ̀ jàre. Ẹ kọ́ wọn ní ìpolówó, ẹ kọ́ wọn ní ayédèrú ìròyìn, ó tó. Tíṣà ìjọba ni yín, query ò jìnnà sí wa, tí wọ́n bá sì gbé yín lọ sí ilé ìwé inú oko lọ́hùn-ún, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó máa bá yín di ẹrù.

Ìyá_Rẹ̀mí:
Baba Táyọ̀ mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ò kọ́ ní JSS2, ta ló máa kọ́ ọ tó bá di ọmọ ọdún 18 tó gba káàdì ìdìbò? Àwọn tó ń pín ìrẹsì ni.

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n mo kọ́ irú nǹkan yìí dáadáa. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbò, má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Orí ọjà kíkiri ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ń kiri tí wọ́n bá ti délé. Ní kí ọ̀kan dìde kó polówó ohun tó ń tà. Á ní mọ́ínmọ́ín òun gbóná fẹlifẹli. Wá bi í pé, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó bá ku méjì nínú abọ́, ṣé ó ṣì gbóná? Kíláàsì máa bú sẹ́rìn-ín. Á ní rárá mà, ṣùgbọ́n tí mo bá ní ó ti tutù ta ló máa rà á. Ó tán, ọmọ yẹn ti ṣe iṣẹ́ ẹ fún ẹ. Kí ló pariwo, kí ló fi pamọ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe. Ìbéèrè mẹ́rin yẹn náà lo máa lò dé orí gómìnà, kò sẹ́ni tó máa ní ò ń bú òun torí orí mọ́ínmọ́ín lo ti mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan àgbo orí rédíò. Ní kí wọ́n mú ike tàbí páálí tó ti ṣófo wá láti ilé, ìbáà jẹ́ ti ọṣẹ, ti ìpara, ti àgbo, ti nǹkan mímu. Kí wọ́n kọ́kọ́ da ohun tó wà níwájú ẹ̀ kọ sínú ìwé, kí wọ́n tó yí i sẹ́yìn. Ọmọ kan mú ike àgbo wá nígbà kan, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo ibà, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n tún wá ya ọkùnrin kan tí igẹ̀ ẹ̀ yọ bí ògiri sí i. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tín-ín-tín tí mo ní láti wọ awò kí n tó rí i: wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ yìí wò. Mo ní kí ọmọ náà kà á sókè. Mo wá bi wọ́n pé èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni òfin fipá mú wọn kọ, èwo ni wọ́n fúnra wọn fẹ́ kọ? Ìyẹn nìkan gba odindi píríọ́òdù, mi ò rí ọmọ tó sùn lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Bísí:
Ìyá Rẹ̀mí ẹ ṣeun mà, àtúnṣe díẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe sí i. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n máa rò pé tí nọ́mbà NAFDAC bá ti wà lára nǹkan, á jẹ́ pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n kọ síwájú nìyẹn. Fún àgbo, ohun tí nọ́mbà yẹn ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò léwu láti lò, kò sọ pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tí mò ń bá àwọn àgbàlagbà fà ní ọsibítù lójoojúmọ́ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ ìròyìn ẹlẹ́jẹ̀, ẹ lo ti omi iyọ̀ ní August 2014, nígbà Ẹ̀bólà. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n tún fi orúkọ ọba kún un níbòmíràn kó lè wúwo. Àwọn òbí pe ọmọ wọn lóru láti ìlú kejì. Ìwé ìròyìn gbé e pé èèyàn méjì kú nípínlẹ̀ Plateau, ọ̀pọ̀ sì dèrò ọsibítù. Àwọn ọmọ yín ò tíì gbọ́njú nígbà náà, ṣùgbọ́n màmá wọn wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lọ bi wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bèèrè pé ta ló fi ránṣẹ́ sí yín, kí lẹ rò lọ́kàn kẹ́ ẹ tó ṣe é, ta lẹ tún fi ránṣẹ́ sí.

Mista_Máàtì:
Ẹ káàsán. Mo fẹ́ tako Baba Táyọ̀ díẹ̀, ìbò ló dùn ún kọ́ jù torí nọ́mbà ni, nọ́mbà kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan. Mathematics ni mò ń kọ́, èmi àti tíṣà Civic ilé ìwé wa la jọ ṣe é. Ìbò gómìnà Ọ̀ṣun, September 22, 2018 la mú. Adeleke 254,698, Oyetola 254,345. Ẹ kọ nọ́mbà méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ pè wọ́n ní A àti B.

Ẹ pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Ìdajì kan máa ya bar chart láti orí òdo, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ìbò 10,000. Wọ́n máa gba 25.47 àti 25.43, ìyàtọ̀ ò tó ìdajì mìlímítà, ojú pẹ́ńsù tí kò bá mú ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pá méjì tó dọ́gba ni wọ́n máa rí. Ìdajì kejì máa bẹ̀rẹ̀ láti orí 254,000, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ìbò 100. Ọ̀pá A máa fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 7, ọ̀pá B máa jẹ́ bí 3 àbọ̀. Ọ̀pá A wá ga ní ìlọ́po méjì ọ̀pá B! Ẹ lẹ méjèèjì mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ jókòó, ẹ má sọ̀rọ̀. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í jà fúnra wọn pé ẹgbẹ́ kejì purọ́. Kò sẹ́ni tó purọ́, nọ́mbà kan náà ni. Ìgbà yẹn lẹ máa wá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀pá, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wo orí ẹ̀.

Èyí ò gbà ju kádíbọ́ọ̀dù, rúlà àti lẹ́ẹ̀dì lọ. Iná ò kàn án.

Ọmọ_Aró:
Mista Máàtì, ọmọ Òṣogbo ni mí, ẹ ṣi nọ́mbà gbé. Ìbò 482 ni ìyàtọ̀ yẹn, Oyetola ló sì wà níwájú, òun náà ni wọ́n búra fún. Ẹ má lọ fi nǹkan míì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ o.

Mista_Máàtì:
Ọmọ Aró, èmi àti ẹ̀yin la jọ tọ̀nà. 353 ni ìyàtọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Adeleke ló wà níwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó 7, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 3,498, ìyẹn ju 353 lọ, ni INEC bá ní ìbò ò tíì parí. Wọ́n tún un dì níbẹ̀ ní September 27, ó wá di Oyetola 255,505, Adeleke 255,023. Ibẹ̀ ni 482 yín ti wá, ẹjọ́ ẹ̀ sì dé Supreme Court ní 2019 kó tó parí.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa báyìí, àgbàlagbà méjì, nọ́mbà méjì, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa, a kàn ń ka ìwé ìròyìn ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí ẹnì kan bá fi ìwé ìròyìn September 23 ránṣẹ́ lónìí pẹ̀lú àkọlé "Adeleke léwájú", òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ ó máa ṣi èèyàn lọ́nà. Nítorí náà mo máa fi ọjọ́ kún ìbéèrè mẹ́rin Ìyá Rẹ̀mí: ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?

Ọmọ_Aró:
Ó yé mi wàyí sà. Kí wọ́n má fi 2022 sílẹ̀ náà, Adeleke 403,371, Oyetola 375,027. Tí wọ́n bá ya ìyẹn láti orí òdo ìyàtọ̀ máa hàn díẹ̀, wọ́n á lè fi wé ti 2018.

Oníròyìn_Ìbàdàn:
Iṣẹ́ rédíò ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara wa díẹ̀. Ohun tó ṣòro jù fún ọmọ, àní fún àgbà, ni kó mọ ibi tí ìròyìn parí sí tí ìpolówó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò, ohùn kan náà tó ka ìròyìn aago méje ló máa polówó àgbo ní aago méje àbọ̀, òun náà ló máa tún fọ̀rọ̀ wá òṣèlú lẹ́nu wò ní aago mẹ́jọ nínú ètò tí òṣèlú yẹn fúnra ẹ̀ sanwó fún. Ohùn tí a ti fi ìròyìn mọ̀ la fi ń ta nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ní rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, ẹ tàn án fún ogún ìṣẹ́jú péré nínú kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fi àmì sí ìwé: ìròyìn, ìpolówó, àbí mi ò mọ̀. Àwọn tó bọ́ sí "mi ò mọ̀" lẹ ti máa rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ètò tí wọ́n bá ti ń kí àlejò ju bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè lọ, owó ti wọ ibẹ̀.

Ní ti nọ́mbà, mo fara mọ́ Mista Máàtì ṣùgbọ́n àkọlé ìròyìn tún burú ju bar chart lọ. Ẹ mú ìbò ààrẹ 2023. Tinubu 8,794,726, Atiku 6,984,520, Obi 6,101,533, ojúlówó ìbò lápapọ̀ 24,025,940, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ 93,469,008. Ẹ wò ó bí àkọlé ṣe lè jáde níbẹ̀. Tinubu fi mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 810 na Atiku. Ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó dìbò ò dìbò fún ẹni tó wọlé. Ẹni méje nínú mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀ ò dìbò rárá. Ẹni tó wọlé rí ìdá 9 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Òótọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò wá bí a ṣe dé ibẹ̀, kí wọ́n sì sọ irú ẹni tó máa fẹ́ràn àkọlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣàì sọ fún wọn pé òfin ò ní kéèyàn ní ju ìdajì lọ kó tó di ààrẹ, ìbò tó pọ̀ jù àti ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ pẹ̀lú Àbújá ni òfin ń wò.

Baba_Táyọ̀:
Ẹ ti dé ibi tí mo sọ. Oníròyìn, kí ẹ bọ́ síwájú JSS2 kẹ́ ẹ ní ẹni tó wọlé rí ìdá 9, kí ọmọ gbé e délé bí "tíṣà wa ní ààrẹ ò wọlé". Ta ló máa gbà yín?

Oníròyìn_Ìbàdàn:
Bàbá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ṣe é fún ju ìbò ẹyọ kan lọ. Ní 2019 Buhari ní 15,191,847, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 82,344,107. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn náà, ìdá 18 ló máa bọ́ sí. Tí ọmọ bá ti ṣe é fún méjì, ó ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ nìyẹn, pé kì í ṣe èébú.

Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ sá lọ sí ìbò ààrẹ 1993 pátápátá. Abiola 8,341,309, Tofa 5,952,087. Ẹgbẹ́ méjì péré, ìṣirò ẹ̀ rọrùn, àwọn ẹgbẹ́ yẹn ti kú, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ìyá_Rẹ̀mí:
Oníròyìn, NRC, ẹgbẹ́ Tofa, ló kú. SDP, ẹgbẹ́ Abiola, ṣì wà, ẹṣin náà sì ṣì wà lára àmì wọn, ọmọ á kàn wo pósítà ìta yẹn á ní mà, ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ wa nìyí.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn 1993 fún ìdí mìíràn. Àwọn ìyá àgbà wọn ṣì wà láyé, orin ìpolówó Abiola ṣì wà lẹ́nu wọn. Ní kí wọ́n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wá, kí wọ́n wá wò ó nínú kíláàsì: èwo nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìlérí, èwo ni orúkọ lásán, èwo ló kàn ń mú kéèyàn jó? Inú ẹ máa dùn sí bí orin tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe ṣì wà lórí wọn tí wọn ò rántí ẹyọ ìlérí kan nínú ẹ̀.

Mọ́mì_Dámi_Maryland:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ilé. Middle school lèmi náà ń kọ́ ní Amẹ́ríkà níbí. Níbí, láti 2002 ni òfin ti ní kí ẹni tó ń díje fún ipò ìjọba àpapọ̀ fi ohùn ara ẹ̀ sọ ọ́ nínú ìpolówó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé òun lòun fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ mi máa ń fẹ́ràn láti dúró de ibẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹni tó ń bú ọ̀tá ẹ̀ fi máa ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó ń ná owó lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kì í ṣe olùdíje, wọ́n máa ń jẹ́ orúkọ tó dùn létí, ọmọ ò ní mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ àyàfi tó bá wá a. Nítorí náà iṣẹ́ tó dára ni kí ọmọ mú ìpolówó kan kó wá orúkọ ẹni tó sanwó fún un, kó má dúró síbi orúkọ ẹgbẹ́.

Wọ́n tún lè wo àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi Google Lens wá ibi tí fótò ti kọ́kọ́ jáde, a máa ń ṣe é nínú kíláàsì lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Baba_Táyọ̀:
Àǹtí Maryland, ẹ ní kọ̀ǹpútà. Àwa ní ṣọ́ọ̀kì.

Tíṣà_Gẹ̀ẹ́sì:
😂 Baba Táyọ̀ ẹ rọra. Ohun tí Mọ́mì Dámi sọ ṣe é ṣe, èmi máa ń ṣe ti Lens yẹn nílé ni. Mo máa wá fótò tí wọ́n fi ń tan èèyàn, ti ibì kan tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà tó jẹ́ orílẹ̀-èdè míì ló ti ṣẹlẹ̀, mo máa tẹ fótò yẹn àti ojú ìwé tí mo ti rí i síbi kan náà, dúdú àti funfun, mo máa gé àlàyé kúrò. Àwọn ọmọ máa wá ẹ̀rí nínú fótò: nọ́mbà mọ́tò, èdè tó wà lára pátákó, aṣọ ọlọ́pàá, irú igi tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa pín àlàyé fún wọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yíyẹ ìròyìn wò bíi Dubawa àti Africa Check máa ń gbé irú fótò bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú bí wọ́n ṣe rí ìdí ẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ohun tí a ń sọ látàárọ̀. Tó bá jẹ́ irọ́ nìkan lẹ̀ ń kó wá bá àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n máa kọ́ ni pé irọ́ ni gbogbo nǹkan. Ní ilé ìwé wa, nígbà tó yá, gbogbo ohun tí mo bá gbé wá ni wọ́n máa ń pariwo "fake news mà!" sí kí n tó kà á tán. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n o, ọ̀lẹ ni, ẹni tó gba gbogbo ẹ̀ gbọ́ àti ẹni tí ò gba ìkankan gbọ́, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ẹ máa fi òótọ́ tó jọ irọ́ há a láàárín. Mo máa ń lo ti 2018, ìròyìn méjì: èkíní, pé Buhari ti kú, ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ló wà ní Aso Rock. Èkejì, pé Buhari fẹnu ara ẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland pé òun gangan lòun. Wọ́n máa ń ní irọ́ ni méjèèjì, pé ààrẹ wo ló máa jókòó sọ irú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èkejì yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní December 2018, fídíò ẹ̀ wà, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn tí kò jọ ń ṣe pọ̀ ló gbé e. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rí gba nǹkan gbọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Bísí:
Ọ̀rọ̀ yìí gún mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe rí nígbà COVID, àwọn tó ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àwọn náà ló ń jẹ ata ilẹ̀ àti alùbọ́sà pé òun ló ń wò ó.

Tíṣà_Òkè_Ìmọ̀:
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, orí mi ti kún. Mo ti mú mọ́ínmọ́ín, mo ti mú ike àgbo, mo ti mú kádíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ bàbá tó wá bá mi. Kí ni kí n ṣe sí i?

Alága_PTA:
Mo lè dáhùn ìyẹn torí èmi náà ti jẹ́ irú bàbá yẹn rí, ẹ̀gbọ́n mi ló ń díje nígbà yẹn, ara mi ò lélẹ̀. Ohun tó ń bí òbí nínú ni kó jẹ́ ọmọ ló máa kọ́kọ́ gbé e délé, pẹ̀lú àfikún tiẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí prínsípà fọwọ́ sí i, ẹ kọ àkòrí tó wà nínú scheme síbẹ̀, ẹ ní ẹ máa lo èsì ìbò tí INEC ti kéde, ẹ ò ní sọ ẹgbẹ́ tó dáa. Ẹ pe òbí tó bá fẹ́ kó wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Wọn ò ní wá, ṣùgbọ́n ẹ ti pè wọ́n.

Ẹ sì fi òfin kan lélẹ̀ nínú kíláàsì: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí bàbá tàbí ìyá ọmọ míì máa dìbò fún. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí nọ́mbà. Tíṣà náà ò sì gbọ́dọ̀ dáhùn tí wọ́n bá bi í léèrè tiẹ̀.

Mista_Máàtì:
Mo fọwọ́ sí ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti parí bar chart, ẹ lọ sórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé ìwé èsì ìbò sí, ẹ wa ìwé èsì ibùdó ìdìbò kan jáde, Form EC8A, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ńlá. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó dìbò (accredited), ìbò tó bàjẹ́, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà àti ní ọ̀rọ̀, ojúlówó ìbò lápapọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà lójú ìwé kan. Kí ọmọ ro ó pọ̀. Ṣé ó bọ́ sí iye tí wọ́n kọ sísàlẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ àti nọ́mbà bára mu? Ṣé àwọn tó dìbò pọ̀ ju àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ? Ìkọ̀wé lórí àwọn kan burú débi pé 1 àti 7 jọra, ìyẹn fúnra ẹ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Ọmọ_Aró:
Kí ẹ lẹ ìwé bo orúkọ àti ìfọwọ́sí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àti ti òṣìṣẹ́ ìdìbò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ sì mú ibùdó tó jìnnà sí àdúgbò yín, kó má lọ jẹ́ bàbá ọmọ kan ló fọwọ́ sí i.

Baba_Táyọ̀:
Ti lẹ́tà yẹn mọ́gbọ́n dání. Kí prínsípà fọwọ́ sí i ṣáájú, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, kì í ṣe sínú dúrọ́ọ̀ sítáfùrúùmù. Mo ṣì ní kẹ́ ẹ lo A àti B dípò orúkọ.

Tíṣà_Òkè_Ìmọ̀:
A àti B ni mo máa lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sà, tí ara wọn bá balẹ̀ mo máa sọ orúkọ. Lẹ́tà ti wà lọ́dọ̀ prínsípà. Mista Máàtì, kádíbọ́ọ̀dù tó wà ní ìsọ̀ ìwé àdúgbò wa ò ga, ọ̀pá 25 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú àkọlé ò ní gba inú ẹ̀ tí mo bá gé e sí méjì fún gúrúùpù.

Mista_Máàtì:
Ẹ má gé e, ẹ yí i sí òró. Tí kò bá sì tó náà, ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 20,000, ọ̀pá máa di bí 12.7, ọ̀pá méjèèjì ṣì máa jọra. Ẹ rí i dájú pé rúlà wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo o, àwọn tó ti kán lápá ìsàlẹ̀ ló ń da ìṣirò rú.